Hilux Tí Ìdí Rẹ̀ Ti Jókòó

Ìdí ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó wo ẹni tó wà á wá. Tí Hilux bá wọ ọgbà mi ní Oǹdó, tí kò ru ẹrù kankan, síbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ wálẹ̀ ju imú rẹ̀ lọ, mo ti mọ ìdajì ohun tí ẹni náà fẹ́ sọ. Á ní ọkọ̀ náà kì í dúró ṣinṣin lójú títì mọ́, pé sitíárìn ti fúyẹ́ jù, pé bí òun bá ko gálọ́ọ̀pù kékeré báyìí, abẹ́ á lu gbàù. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń rìn lóru ni, á tún fi kún un pé gbogbo ẹni tí òun bá pàdé lọ́nà ló ń ṣẹ́ná bú òun, torí iná iwájú ti kọjú sókè, ojú èèyàn ló ń tàn sí.

Àwọn tó ṣe Hilux fẹ́ kí ìdí rẹ̀ ga ju imú lọ díẹ̀ nígbà tó bá ṣófo. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì fẹ́ kó tẹ́ dọ́gba nígbà tí ẹrù bá gorí rẹ̀. Láti ọdún 1968 tí Toyota ti kọ́kọ́ gbé e jáde, irú sípíríǹgì kan náà ló wà lẹ́yìn àwọn Hilux tí à ń lò níhìn-ín: bíléèdì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ gígùn bíi mélòó kan tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n sì tò léra wọn. Èyí tó gùn jù, bíléèdì àgbà, ló wà lókè. Wọ́n ká orí rẹ̀ méjèèjì kí bóòtù lè gba inú rẹ̀ kọjá. Orí iwájú dè mọ́ ṣásí pátápátá. Orí ẹ̀yìn so mọ́ ṣákù tó ń mì síwá sẹ́yìn, nítorí pé nígbà tí ẹrù bá tẹ sípíríǹgì, ńṣe ló máa ń nà, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi nà sí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bíléèdì kan wà tó nípọn ju àwọn yòókù lọ, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí ẹrù bá wúwo. Tí àwọn tó wà lókè rẹ̀ bá ti rẹ̀, òun ni yóò máa gbé ọkọ̀ nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ti jókòó fi máa ń le koko lójú ọ̀nà bí kò tilẹ̀ ru nǹkan kan.

Irin sípíríǹgì ní ibi tó lè tẹ̀ dé tí á sì padà sí bó ṣe wà. Tí ẹ bá tì í kọjá ibẹ̀, kò ní padà tán mọ́. Ẹrù tó pọ̀ jù ń tì í, gálọ́ọ̀pù tí wọ́n fi eré kò ń tì í, tí méjèèjì bá sì pàdé lọ́jọ́ kan náà, á gbàgbé díẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.

Màmá kan tó ń ra kòkó láwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìdànrè ló gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti pinnu ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà.

“Ọmọ mi, ṣọ́kù ni kí o bá mi pààrọ̀. Wọ́n ní ṣọ́kù ló kú.”

Mo kí i, mo gbé àga fún un, mo wá bi í pé, “Bàgì mélòó lẹ máa ń kó, Mà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ogún. Nígbà mìíràn ó máa ń lé díẹ̀.”

Bàgì kòkó 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ìṣirò yẹn tẹ́lẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan náà ni a lè pè ní òpin ẹrù Hilux, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, tí ẹ bá ti yọ ìwúwo awakọ̀ àti èrò kúrò. Ogún bàgì, òun àti awakọ̀ níwájú, àwọn ọmọkùnrin méjì tó jókòó lé bàgì lórí. N kò wí nǹkan kan. Mo kàn na ìka sí abẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́kù yìí, ó yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí owó tó ń bá a lọ pọ̀. Ṣọ́kù kì í gbé ẹrù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kó sípíríǹgì níjàánu, kí ọkọ̀ má máa fò sókè sódò lẹ́yìn tó bá ti ko gálọ́ọ̀pù tán. Ẹ yọ ṣọ́kù méjèèjì kúrò lẹ́yìn Hilux, ẹ gbé e kalẹ̀, gíga rẹ̀ kò ní yí padà tó ohun tí ojú lè tètè rí. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra ṣọ́kù tuntun kí ìdí ọkọ̀ lè gbéra, bóyá kò mọ̀, bóyá ó ní ṣọ́kù tó fẹ́ tà.

A gbé ọkọ̀ Màmá sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú. Mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fún táyà ní afẹ́fẹ́ dọ́gba, mo sì fi téèpù wọn ọ́n láti àárín rímù sókè títí dé etí fẹ́ńdà. A kì í wọn ọ́n láti ilẹ̀, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pé á pa irọ́ fún yín. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀ nínú ìwé: iwájú ọ̀tún, iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì. Ẹni tí kò bá wọn ọkọ̀ kó tó fọwọ́ kan sípánà, kò ní mọ iye tó gbé e sókè, kò sì ní mọ̀ bóyá ó tún ti ń wálẹ̀ lóṣù mẹ́ta sí i.

Ẹ̀yìn òsì ló wálẹ̀ jù. A fi omi fọ ẹrẹ̀ kúrò, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ìpata pupa sì wà níbi tí irin kan ti dì bíléèdì mọ́ra wọn. Lábẹ́ ibẹ̀ ni bíléèdì kejì ti kán. Ẹrẹ̀ ló bò ó. Ọkọ̀ ti ń rìn bẹ́ẹ̀ ó pẹ́, bíléèdì àgbà nìkan ló ń mú ásùlù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, dúró sípò, tí òun náà bá sì kán lórí òkè, kò sí ohun tó kù tí yóò di táyà ẹ̀yìn mú.

Awakọ̀ rẹ̀ wá dábàá pé kí á gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, kí wọ́n fi gáàsì yan àwọn bíléèdì yòókù kí wọ́n sì lù wọ́n padà. Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn ju iye tí mo lè kà lọ, inú sì máa ń bí mi, ìdí sì wà fún un.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi. Lẹ́bàá ẹwìrì rẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ sípíríǹgì, torí òkú sípíríǹgì lọ́rì ló fi ń rọ àdá, bí ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa ṣe ń ṣe títí di òní. Àgbẹ̀ tó bá mọ̀ ọ́n máa ń béèrè fún un, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í tètè kú. Ṣùgbọ́n irin náà kì í gbà kí ẹ rọ ọ́ bó ṣe wà. Bàbá mi á fi sínú ẹyín iná títí yóò fi pọ́n yòò, á fẹ̀mú gbé e, á rì í mọ́ inú eérú, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tutù lóru. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, irin tó ń ta padà lánàá á ti rọ̀, ẹ lè fi ayùn gé e, ẹ tẹ̀ ẹ́, á sì dúró síbi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Lẹ́yìn tó bá ti rọ ọ́ tán ló tó tún mú un gbóná, tó rì í sínú omi tàbí epo, tó sì dá agbára mìíràn padà sí i, agbára àdá.

Ohun tí bàbá mi ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí sípíríǹgì lè ṣíwọ́ jíjẹ́ sípíríǹgì, òun gan-an ni wẹ́dà ń fi gáàsì ṣe sí tiyín, tí á sì gbowó lé e. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á mú irin náà gbóná ju 800 lọ ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, wọ́n á rì í sínú epo kó le, wọ́n á sì tún mú un gbóná dé nǹkan bíi 400 sí 500 kí líle náà má baà mú kó máa ṣẹ́. Títa padà tí ẹ rí nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Iná gáàsì á pa á rẹ́ níbi tó bá ti kàn án. Ọkọ̀ á gbéra, ẹ ó sanwó, ẹ ó dúpẹ́, kòkó díẹ̀ á wọlé, ìdí á sì tún jókòó. Àwọn mìíràn tún máa ń da omi lé ibi tó pọ́n kó lè tètè tutù. Ìyẹn ló burú jù. Ibẹ̀ á le ju bó ṣe yẹ lọ, á sì kán lójijì.

Lílù ní tútù yàtọ̀. Kò pa agbára irin, mo sì máa ń ṣe é fún ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì sí bíléèdì tó kán. Ṣùgbọ́n irin tó ti rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á tún rẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn kí n tó gbé òòlù.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi bíléèdì kan kún èyí tó wà. Ó dára bí àwọn tó wà tẹ́lẹ̀ bá ṣì ní okun. Ẹ lè rí i ra ní Ládípò ní Mushin, tàbí ní Àràròmí ní Ìbàdàn, tòkunbọ̀ tó mọ́. Kó ní ìbú kan náà pẹ̀lú àwọn tẹ́ ẹ ní. Kó gùn débi pé á sún mọ́ èyí tó wà lókè rẹ̀, kó sì tẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Bíléèdì kúkúrú tó nípọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà torí pé kò wọ́n, ibi tí orí rẹ̀ bá sì parí sí gan-an ni bíléèdì àgbà máa ń kán sí.

Nínípọn tún ní ìṣirò tirẹ̀, ìṣirò náà sì ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹ mú bíléèdì méjì tí gígùn àti ìbú wọn dọ́gba. Tí ọ̀kan bá nípọn ní ìlọ́po méjì èkejì, líle rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́jọ ni. Láti mìlímítà 6 sí mìlímítà 8 péré, líle rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ìdí nìyí tí bíléèdì lọ́rì tí àwọn kan ń kì bọ abẹ́ Hilux fi ń sọ ọ́ di ohun tí èèyàn kò lè gùn. Tó bá ṣófo, ìdí rẹ̀ á máa fò lójú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, táyà á máa kúrò nílẹ̀, ipá náà á sì lọ sára ṣásí níbi tí ìkọ́ sípíríǹgì wà.

Fún Màmá, mo ní kó ra odidi tuntun, ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. A kì í pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan kí á fi èkejì sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe sípíríǹgì fún ọkọ̀ igbó, bíi ARB ti Ọsirélíà pẹ̀lú Old Man Emu wọn, máa ń ṣe é ní ìpele ìpele: ti ẹni tí kì í ru nǹkan, ti ẹni tó ń ru díẹ̀ nígbà gbogbo, ti ẹni tí ẹrù kì í kúrò lórí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ mú èyí tó bá ẹrù ojoojúmọ́ yín mu. Ẹ má fi ti ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún yan án.

Ọmọ Màmá tó tẹ̀ lé e wá ní èrò mìíràn ní tirẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa gbé e sókè dáadáa. Ínǹṣì mẹ́rin, mẹ́fà.” Ó ti rí fọ́tò.

Ínǹṣì méjì ni mo gbà fún un, mo sì ṣàlàyé. Ọ̀nà abà kòkó, nígbà tí tíípà bá ti gbẹ́ ipa táyà sínú rẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ló ń ha òkìtì àárín. Ínǹṣì méjì á gbé ṣásí, táńkì epo àti ìdí ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n dífù, kókó irin ńlá tó wà láàárín ásùlù ẹ̀yìn, kò ní gbéra rárá. Orí táyà ni ásùlù dúró lé, kò sì sí sípíríǹgì tó lè gbé e. Táyà tó ga jù nìkan ló lè gbé dífù, ìdajì ohun tẹ́ ẹ bá sì fi kún gíga táyà lẹ máa rí: táyà tó ga sí i ní ínǹṣì méjì á gbé dífù ní ínǹṣì kan. Nítorí náà ẹni tó gbé ọkọ̀ ní ínǹṣì mẹ́fà tí kò pààrọ̀ táyà, dífù rẹ̀ á ṣì máa há síbi tó ti ń há. Ohun tó kàn rà ni ọkọ̀ tó máa tètè dojú dé ní kọ́nà.

Ọ̀nà tó mọ́ jù láti rí ínǹṣì méjì náà ni kí sípíríǹgì tuntun fúnra rẹ̀ tẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan ń fi ṣákù gígùn ṣe é. Ìdajì ni ìyẹn náà ń san: ṣákù tó fi ínǹṣì méjì gùn sí i á fún yín ní nǹkan bí ínǹṣì kan. Àwọn mìíràn ń fi búlọ́ọ̀kù irin sáàárín ásùlù àti sípíríǹgì. Kò burú lẹ́yìn ọkọ̀ tó bá jẹ́ irin kan ṣoṣo, tó sì ní ihò àti imú tó bá sẹ́ńtà bóòtù, bóòtù tó gba àárín àwọn bíléèdì kọjá, mu dáadáa. Kò gbọ́dọ̀ dé iwájú ọkọ̀ tó ń fi bíléèdì rìn níwájú, torí bíréèkì àti sitíárìn á máa yí i kúrò níbẹ̀. Kò sì fi okun kankan kún sípíríǹgì tó ti rẹ̀, ó kàn gbé àárẹ̀ rẹ̀ ga ni. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi pákó ìrókò ṣe. Wọ́n tiẹ̀ kùn ún ní dúdú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí, torí mẹkáníìkì púpọ̀ kì í wò ó. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ Hilux, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so ásùlù ẹ̀yìn mọ́ fáàfù bíréèkì kan lára ṣásí. Ọ̀pá yìí ni fáàfù náà fi ń mọ̀ bóyá ẹrù wà. Tí ẹrù bá tẹ ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, ṣásí á sún mọ́ ásùlù, ọ̀pá á ti fáàfù, bíréèkì ẹ̀yìn á gba agbára sí i. Tí ọkọ̀ bá ṣófo, agbára á dínkù, kí táyà ẹ̀yìn má baà há kí ìdí ọkọ̀ sì fẹ́ ṣíwájú imú. Ẹ wá wo Hilux tí ìdí rẹ̀ ti jókòó: ó ṣófo, ṣùgbọ́n fáàfù rò pé ó kún. Ẹni tó bá ń sọ pé ìdí ọkọ̀ òun ń yọ̀ nígbàkígbà tí òun bá tẹ bíréèkì nínú òjò, kó wo sípíríǹgì rẹ̀ kó tó bú táyà. Tí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ ní ínǹṣì méjì, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀. Ẹ ó di ẹrù kún un, fáàfù á rò pé ó ṣófo, bíréèkì iwájú nìkan á sì máa ṣe iṣẹ́ gbogbo níbi tẹ́ ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ìdànrè. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gbé ibi tí ọ̀pá náà ti so mọ́ ásùlù sókè ní ìwọ̀n tí a fi gbé ọkọ̀, kó lè padà sí igun tó wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni. Mo tún máa ń wo rọ́bà epo bíréèkì nígbà tí ásùlù bá rọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì, kó má jẹ́ pé ó ti na tán.

Iwájú kò gba àkókò púpọ̀. Àwọn Hilux láti nǹkan bí ọdún 2005 ní sípíríǹgì oníkàá tó yí ṣọ́kù ká níwájú, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ga díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tó ṣáájú wọn, ọ̀pá irin gígùn tó ń yí ló ń gbé iwájú, sípánà nìkan ni mẹkáníìkì nílò láti fi gbé e, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí i ju bó ṣe yẹ lọ títí rọ́bà tó bo ẹsẹ̀ iwájú á fi ya. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ lọ ṣe àláínmẹ́ǹtì kí táyà tuntun tó jẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ọkọ̀ bá sì ń gbọ̀n nígbà tó bá fẹ́ gbéra, pùròpélà, ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí dífù, ló ń fẹjọ́ sùn pé igun òun ti yí padà. Ẹ fi wáṣà díẹ̀ rẹ bíárìn àárín rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń wa Prado tàbí 4Runner, oníkàá ni ẹ̀yìn tiyín: èyí tuntun tó ga díẹ̀ ni kí ẹ rà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki rọ́bà bọ àárín èyí tó ti rẹ̀.

Ọjọ́ tí sípíríǹgì Màmá dé, a fi yúbóòtù tuntun dè é. Ti àtijọ́ ti nà, ẹ má lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Yúbóòtù ló ń di sípíríǹgì mọ́ ásùlù. Sẹ́ńtà bóòtù kàn ń fi ipò hàn ni, tí yúbóòtù bá sì dẹ̀, òun ni gbogbo ipá máa dé bá, á kán, ásùlù á sún sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì máa rìn ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn bóòtù tó gba inú búṣì, rọ́bà tó wà ní orí sípíríǹgì méjèèjì, kọjá la fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn. A gbé ọkọ̀ kúrò lórí jáàkì, ó dúró sórí táyà rẹ̀, a mì í díẹ̀, nígbà náà la tó fún wọn le. Tí ẹ bá fún wọn le nígbà tí ásùlù ṣì ń rọ̀ lófuurufú, rọ́bà búṣì á ti yí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní pẹ́ ya.

Màmá béèrè iye bàgì tí òun lè máa kó. Mo ní mẹ́tàlá, tí àwọn ọmọkùnrin yẹn bá lọ wọ ọ̀kadà. Ó ní wọ́n ò ní gbà, ó ní òun á gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ná an títí a fi fẹnu kò sí mẹ́rìnlá, ó ní èyí tó bá ṣẹ́kù òun á háyà Canter fún un. Mo ní kó padà wá lẹ́yìn nǹkan bí 500 kìlómítà kí n tún fún yúbóòtù le, torí irin tuntun máa ń jókòó síra wọn, á sì dẹ̀ díẹ̀. Mo kìlọ̀ fún awakọ̀ rẹ̀ náà: tí sípíríǹgì bá ń ké, kó má fi òkú epo ẹ́ńjìnnì sí i, epo yẹn ń jẹ rọ́bà búṣì. Omi tó lágbára ni kó fi fọ iyanrìn tó wà láàárín rẹ̀.